Ìtọ́jú Ìsanra Àpọ̀jù: Ohun Tí Òṣùwọ̀n Kò Lè Sọ fún Dókítà

Ẹni méjì lè gun òṣùwọ̀n kí ó gbé kílò 105 fún àwọn méjèèjì, kí wọ́n jọ wọlé sọ́dọ̀ dókítà kan náà, síbẹ̀ kí ohun tí wọn yóò bá jáde yàtọ̀ síra. Wọ́n lè kọ abẹ́rẹ́ fún ọ̀kan. Wọ́n lè sọ fún ìkejì pé oògùn tó ti ń lò fún àìsàn mìíràn láti ọdún mẹ́ta ni wọn yóò kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹni tó ń wò wọ́n láti òkèèrè lè pè é ní ojúsàájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n mọ bí ara ṣe wúwo tó. Kò mọ ibi tí ọ̀rá jókòó sí, kò mọ ohun tí ọ̀rá náà ti bà jẹ́, kò sì mọ ohun tó kó o débẹ̀. Nǹkan mẹ́ta yẹn ni dókítà ń wá kó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Ìṣirò àti téèpù

Ìṣirò àkọ́kọ́ ni BMI. Wọ́n á mú gíga ẹni ní mítà, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, wọ́n á wá fi èyí tó jáde pín ìwọ̀n kílò. Ká ní ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn méjì wa ga ní mítà 1.70. 1.70 lọ́nà 1.70 jẹ́ 2.89. Bí a bá fi 2.89 pín 105, a ó rí 36.3. Ká ní ìkejì ga ní mítà 1.85, kílò 105 kan náà yóò fún un ní 30.7. Láti 25 ni wọ́n ti ń sọ pé ìwọ̀n ti kọjá ibi tó yẹ. 30 ni ìsanra àpọ̀jù ti bẹ̀rẹ̀, ìpele kejì bẹ̀rẹ̀ ní 35, ìpele kẹta ní 40. NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú jáde fún Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo òǹkà tó kéré sí i fún àwọn tí ìran wọn wá láti Áfíríkà, Éṣíà tàbí Ààrin Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn: 23 dípò 25, àti 27.5 dípò 30. Ohun tó fà á ni pé àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn máa ń tètè yọjú sí wọn kí BMI wọn tó ga.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Adolphe Quetelet, onímọ̀ ìṣirò ará Bẹ́ljíọ̀mù. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe aláìsàn ló ń wá. Bí ara ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rí lápapọ̀ ló fẹ́ mọ̀. Ìdí nìyẹn tí BMI fi dára fún kíka èrò, tó sì lè ṣini lọ́nà lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tí iṣan rẹ̀ ki gan-an lè ní BMI 31 láìní ọ̀rá tó pọ̀. Arúgbó tí iṣan rẹ̀ ti gbẹ lè ní 24, kí ọ̀rá sì kún inú rẹ̀.

Téèpù ló ń tún èyí ṣe. Ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ ní itan àti ìdí kò burú tó èyí tó wà nínú ikùn, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká. Ti inú ikùn yìí ló máa ń mú kí insulin, họ́mọ̀nù tó ń ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, má ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, òun ló sì ń kó ọ̀rá sínú ẹ̀dọ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí: ẹ fọwọ́ wá egungun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, ẹ wá orí egungun ìbàdí, kí téèpù gba agbedeméjì wọn kọjá. Ẹ mí síta bí ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀, ẹ má fa ikùn wọlé, kí téèpù kan awọ láìfún un. Ọ̀pọ̀ ló ń wọ̀n ọ́n níbi tí wọ́n ń de ìgbànú sí, lábẹ́ ikùn, òǹkà wọn a sì kéré ju òtítọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi gíga pín òǹkà yẹn. Ẹni tó ga ní sẹ̀ntímítà 170, tí téèpù sì fi 104 hàn, tirẹ̀ jẹ́ 0.61. Tí kò bá tó 0.5, kò sí wàhálà níbẹ̀, láti 0.5 ni ewu ti ń pọ̀ sí i, láti 0.6 ó ti ga.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet Diabetes & Endocrinology gbé kalẹ̀ dábàá pé kí wọ́n pín ìsanra àpọ̀jù sí méjì: èyí tó ti ń pa ẹ̀yà ara lára, tàbí tí kò jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ mọ́, àti èyí tí ọ̀rá pọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ̀yà ara ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àkọ́kọ́ jẹ́ àìsàn tó nílò ìtọ́jú báyìí. Ìkejì jẹ́ ewu tó yẹ kí a máa ṣọ́. Ìpínsọ́nà yìí bọ́gbọ́n mu lójú wa, torí pé ó tú ìjà tó ti pẹ́ láàárín àwọn tó ní àìsàn ni àti àwọn tó ní kì í ṣe àìsàn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Dókítà tó bá sọ pé "ẹ lọ dín oúnjẹ kù" láìbéèrè oògùn tí ẹ ń lò kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Oògùn pọ̀ tó ń fi kílò kún ara. Nínú oògùn àrùn ọpọlọ: olanzapine, clozapine, quetiapine. Nínú ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: mirtazapine àti amitriptyline. Nínú ti wárápá àti ìrora iṣan ara: valproate, gabapentin, pregabalin. Insulin àti glibenclamide tàbí glimepiride fún àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, prednisolone wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí olóṣù mẹ́ta náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni arọ́pò tí kò ń mú ara sanra wà fún. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ ara rẹ̀ dá oògùn dúró: prednisolone tí a ṣíwọ́ lójijì lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀, oògùn wárápá tí a ṣíwọ́ lójijì lè mú gìrì wá.

Lẹ́yìn oògùn, wọ́n á wo àìsàn tó lè fà á. Ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid ni gbogbo ènìyàn máa ń dá lẹ́bi, àmọ́ ohun tí àìṣiṣẹ́ rẹ̀ ń fi kún ara kì í ju kílò díẹ̀ lọ, omi àti iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kì í ṣe òun ló gbé ènìyàn láti kílò 70 dé 120. Àrùn Cushing ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó ní àmì: ojú a wú rìbìtì, ilà pupa fẹ̀ǹgẹ̀ a yọ lára ikùn, awọ a fẹ́lẹ́ débi pé ibi tí a bá fọwọ́ gbá a dúdú, apá àti itan a tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ikùn ń yọ. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wá déédéé, tí irun ń hù ní àgbọ̀n rẹ̀, lè ní ìṣòro ilé ẹyin tí wọ́n ń pè ní PCOS. Ẹni tí ìsanra rẹ̀ ti le láti kékeré, tí ebi kì í sì í kúrò lára rẹ̀ rárá, wọ́n lè yẹ àbùdá rẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e kò pọ̀: ìfúnpá, tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi aṣọ ìwọ̀n tó fẹ̀ wọ̀n (èyí tó há jù fún apá ńlá máa ń parọ́, á gbé òǹkà ga ju bó ṣe rí lọ), ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti HbA1c (bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn), ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, TSH (àyẹ̀wò thyroid). Wọ́n á béèrè oorun náà. Ẹni tó ń hanrun kíkankíkan, tí ẹni tí wọ́n jọ ń sùn ti ṣàkíyèsí pé èémí rẹ̀ máa ń dá dúró kó tó ta jí gììrì, tó sì ń tòògbé ní ọ̀sán gangan, ó yẹ kí wọ́n yẹ oorun rẹ̀ wò. Àìsùn dáadáa ń mú ebi pọ̀ sí i, ìsanra ọrùn sì ń dí ọ̀nà èémí. Wọ́n jọ ń ti ara wọn síwájú ni. Bákan náà ni wọ́n á béèrè bóyá ó máa ń jẹun títí tí kò fi lè dá ara rẹ̀ dúró, ní ìkọ̀kọ̀, tí ìtìjú a sì bò ó lẹ́yìn náà. Àìsàn ni ìyẹn pẹ̀lú, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Tí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, ètò oúnjẹ líle yóò túbọ̀ bà á jẹ́ ni.

Ìdí tí ara fi ń gba ọ̀rá rẹ̀ padà

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú jù, torí náà ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀.

Ara kì í wo ọ̀rá bí ẹrù tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Lójú tirẹ̀, àká oúnjẹ ni. Ní 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Rockefeller University ní New York rí họ́mọ̀nù kan tí ọ̀rá fúnra rẹ̀ ń ṣe, tí wọ́n sọ ní leptin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún ọpọlọ bí àká ṣe kún tó. Nígbà náà, wọ́n rò pé bí a bá ti gún leptin sí ènìyàn lára, á tín-ín-rín. Kò rí bẹ́ẹ̀, àfi fún àwọn ènìyàn díẹ̀ gan-an tí ara wọn kò ṣe leptin rárá. Ọpọlọ kì í ka leptin tó pọ̀ sí. Èyí tó bá lọ sílẹ̀ ló máa ń dẹ́rù bà á. Bí ènìyàn bá ti ń fọn, leptin á já wálẹ̀, ọpọlọ á sì gbà pé ìyàn ti dé. Ghrelin, họ́mọ̀nù ebi tó ń ti àpòlúkù wá, á gbéra sókè. Ara á dín ohun tó ń jó kù, ju èyí tí kílò tó lọ nìkan lè fà lọ.

Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀: fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá kúrò lára, ohun tí ara ń jó lóòjọ́ máa ń dín ní nǹkan bí kálórì 20 sí 30, ṣùgbọ́n ìfẹ́ oúnjẹ máa ń lọ sókè ní nǹkan bí kálórì 100. Ẹ fi kílò 10 ṣírò rẹ̀ wò. Ẹni yẹn ń jí lójoojúmọ́ pẹ̀lú ebi tó lé ní nǹkan bí kálórì 1,000, ara rẹ̀ sì ń jó 200 sí 300 dín sí ti tẹ́lẹ̀. Ìwádìí kan láti Ọsirélíà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan tí àwọn ènìyàn ti fọn, àwọn họ́mọ̀nù ebi wọn kò tíì padà sí ipò. Ẹni tó bá sanra padà lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ẹ má tètè pè é ní aláìníjàánu. Ìtọ́jú tó bá ń parí ní oṣù mẹ́ta sí ohun tí ara yóò fi ọdún púpọ̀ bá jà, ìtọ́jú náà ló kúrú.

Oúnjẹ àti ìgbòkègbodò

Ìpìlẹ̀ ni wọ́n jẹ́, wọn kì í sì í pẹ́ ẹ ṣàlàyé. Àdínkù tí ọ̀pọ̀ ìlànà gbà ni kálórì 500 sí 750 lóòjọ́ sí ohun tí ara ń jó. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin ìyẹn máa ń jẹ́ 1,200 sí 1,500 lóòjọ́, fún ọkùnrin 1,500 sí 1,800. Nípa irú oúnjẹ, àríyànjiyàn pọ̀ ju ẹ̀rí lọ. Nínú ìwádìí DIETFITS ní 2018, wọ́n fi ènìyàn 609 sí ọ̀nà méjì fún ọdún kan, àwọn kan dín ọ̀rá kù, àwọn kan dín oúnjẹ onísítáàṣì àti ṣúgà kù. Kò sí ìyàtọ̀ tó ní láárí nínú ohun tí wọ́n fọn. Èyí tí ènìyàn lè máa jẹ lọ fún ọdún pípẹ́ ló dára jù fún un. Ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré ni purotéènì: gíráàmù 1 sí 1.5 fún kílò ìwọ̀n tó yẹ ara lóòjọ́, kí iṣan má baà bá ọ̀rá lọ.

Ọ̀nà líle kan wà tó yẹ fún ẹni tí àtọ̀gbẹ irú kejì kò tíì pẹ́ lára rẹ̀. Nínú ìwádìí DiRECT tí Mike Lean àti Roy Taylor darí ní Scotland àti àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fún àwọn ènìyàn ní oúnjẹ olómi tó ní kálórì 825 sí 853 lóòjọ́ fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n wá ń dá oúnjẹ gidi padà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 46 nínú 100 ni ṣúgà wọn ti padà sí ipò láìlo oògùn. Nínú àwọn tó fọn kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó ìdá 86 nínú 100. Ẹ má ṣe é nílé láìsí dókítà o! Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti dá oògùn àtọ̀gbẹ àti oògùn ìfúnpá wọn dúró, torí pé ẹni tó bá ń lo àwọn yẹn nìṣó tí kò sì jẹun tó lè dákú.

Ìgbòkègbodò nìkan kì í mú kílò púpọ̀ lọ. Wákàtí kan tí ènìyàn fi rìn kíákíá, oúnjẹ kékeré kan lè dá a padà. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti dáàbò bo iṣan àti láti má jẹ́ kí ohun tó ti lọ padà: ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀, 200 sí 300 láti di ìwọ̀n mú, pẹ̀lú gbígbé nǹkan wúwo lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè bẹ̀rẹ̀ nínú omi tàbí lórí kẹ̀kẹ́.

Ẹ kíyè sí ìgbà tí wọ́n ń ríni pẹ̀lú. Ìlànà Amẹ́ríkà ti 2013 ní kí ó tó ìgbà 14, ó kéré tán, láàárín oṣù mẹ́fà. Ìwé oúnjẹ tí wọ́n fi léni lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kò ju ìwé lọ. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ ń fojú sùn ni ìdá 5 sí 10 nínú 100 ìwọ̀n ara. Fún ẹni kílò 105, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí kílò 5 sí 10. Ó lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tó fẹ́ padà sí bó ṣe rí nígbà ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìfúnpá, ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀.

Oògùn

Ìtàn oògùn ìsanra kò mọ́. Wọ́n kó fenfluramine kúrò lọ́jà ní 1997 nítorí ó ń ba ọkàn jẹ́. Sibutramine tẹ̀ lé e ní 2010 nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Lorcaserin kúrò ní 2020 nítorí ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ. Dókítà tó bá ń rọra kọ ọ́, ohun tó ti rí ló ń bà á lẹ́rù. Ẹni tí wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ fún ni ẹni tí BMI rẹ̀ ti tó 30, tàbí tó tó 27 tí àìsàn kan tó tara ìsanra wá sì wà lára rẹ̀.

Orlistat ni àgbà nínú wọn: 120 mg lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, pẹ̀lú oúnjẹ tàbí kó má ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn rẹ̀. Kì í wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ títí. Inú ìfun ló wà, tó ń dènà nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ọ̀rá oúnjẹ kó má baà wọlé. Ọ̀rá tí kò wọlé gbọ́dọ̀ gba ibì kan jáde. Ẹni tó lò ó, tó wá jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá, tó sì wọ aṣọ funfun jáde, ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́. Ó tún ń kó fítámì A, D, E àti K lọ, torí náà wọ́n ní kí a lo fítámì nígbà tí a bá fẹ́ sùn, ó kéré tán wákàtí méjì sí orlistat. Ìwọ̀n tó ń mú lọ kò pọ̀.

Phentermine ń dín ebi kù ṣùgbọ́n ó ń ta ìfúnpá sókè. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ topiramate, ó lè mú kí ètè ọmọ inú oyún là. Naltrexone pẹ̀lú bupropion kò yẹ fún ẹni tó ní wárápá tàbí tó ń lo oògùn ìrora bíi tramadol àti morphine.

Àwọn abẹ́rẹ́ tí gbogbo ayé ń sọ báyìí wá láti ara họ́mọ̀nù GLP-1, tí ìfun máa ń tú jáde bí a bá ti jẹun. Ó ń sọ fún ọpọlọ pé ó tó, ó ń fa ìrìn oúnjẹ nínú àpòlúkù sẹ́yìn, ó sì ń ran insulin lọ́wọ́. Ti ara fúnra rẹ̀ kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó bàjẹ́. Ohun tó ṣínà ni èròjà kan tí dókítà John Eng rí nínú oró aláǹgbá ńlá kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Gila monster: ó jọ GLP-1, ṣùgbọ́n ó pẹ́ jù ú lọ lára. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe exenatide fún àtọ̀gbẹ. Liraglutide tẹ̀ lé e, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún un. Semaglutide àti tirzepatide jẹ́ ọlọ́sẹ̀-ọlọ́sẹ̀. Tirzepatide tún ń ṣe iṣẹ́ họ́mọ̀nù kejì tó ń jẹ́ GIP.

Nínú ìwádìí STEP 1, àwọn tó lo semaglutide 2.4 mg fọn ìdá 14.9 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn ní ọ̀sẹ̀ 68. Àwọn tí abẹ́rẹ́ wọn kò ní oògùn nínú fọn 2.4. Nínú SURMOUNT-1, tirzepatide 15 mg mú ìdá 20.9 nínú 100 lọ ní ọ̀sẹ̀ 72. SELECT tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023 lọ síwájú sí i: nínú ènìyàn 17,604 tó ti ní àrùn ọkàn tàbí ti òpójẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò ní àtọ̀gbẹ, semaglutide dín ikú àrùn ọkàn, ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù ní ìdá 20 nínú 100.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù orí ẹ̀pọ̀n, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń gbé ìwọ̀n abẹ́rẹ́ yìí ga. Semaglutide: 0.25 mg lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 0.5 fún mẹ́rin, 1 fún mẹ́rin, 1.7 fún mẹ́rin, lẹ́yìn náà 2.4. Tirzepatide: 2.5 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn náà 5, kí wọ́n sì máa fi 2.5 kún un, ó kéré tán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, kó má kọjá 15. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ kì í ṣe láti mú kílò lọ. Inú ló ń bá mọ́ra. Ẹni tó bá fo ìpele torí pé "kò ṣiṣẹ́", èébì ni yóò sọ fún un pé ó ń ṣiṣẹ́. Èébì, inú rírú, ìgbẹ́ gbuuru tàbí àìrígbẹ́yà ló wọ́pọ̀ jù, àgàgà ní ọ̀sẹ̀ tí ìwọ̀n bá gòkè. Oúnjẹ kékeré, jíjẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, dídín òróró kù, àti dídúró nígbà tí inú bá kọ́kọ́ kún máa ń tó láti mú un rọlẹ̀. Bí kò bá rọlẹ̀, wọ́n á dúró sí ìpele tó wà tàbí kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Kò sí òfin tó ní gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ dé òkè pátápátá. Ẹni tó ti fo abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó bi dókítà kó tó padà sí ìwọ̀n gíga.

Ìrora líle nínú ikùn tó yọ sí ẹ̀yìn tí kò sì lọ, pẹ̀lú èébì, lè jẹ́ pé pancreas, ẹ̀yà ara tó ń ṣe insulin, ló wú: ọjọ́ náà ni kí a lọ sílé ìwòsàn. Ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún lẹ́yìn oúnjẹ lè jẹ́ òkúta inú òróòro, tí fífọn kíákíá máa ń fà. Ẹni tó ń lo insulin tàbí glimepiride pọ̀ mọ́ ọn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n dín ìwọ̀nyẹn kù, kí ṣúgà má baà já wálẹ̀. Ẹni tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ ti ní irú jẹjẹrẹ thyroid tí wọ́n ń pè ní medullary kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹni tó fẹ́ lóyún gbọ́dọ̀ dá semaglutide dúró, ó kéré tán oṣù méjì ṣáájú. Tirzepatide lè sọ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró di aláìlágbára. Kọ́ńdọ́ọ̀mù ló yẹ kí a fi kún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ìwọ̀n bá gòkè. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ sọ fún ẹni tó ń fúnni lóògùn oorun pé ẹ ń lò ó, torí oúnjẹ lè ṣì wà nínú àpòlúkù lẹ́yìn ààwẹ̀.

Ohun kan tí àwọn tó ń polówó ọjà rẹ̀ kì í sọ: nǹkan bí ìdá 25 sí 40 nínú 100 kílò tó ń lọ kì í ṣe ọ̀rá. Iṣan wà nínú rẹ̀. Arúgbó tó fọn kílò 15 láìgbé nǹkan wúwo, láìjẹ purotéènì tó, lè fọn tán kó má lè dìde lórí àga.

Ṣé títí ayé ni? Nínú STEP 1, àwọn tó dá semaglutide dúró gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n ti fọn padà láàárín ọdún kan. Ìfúnpá náà ń bá a gòkè padà. Bí oògùn ìfúnpá ló ṣe rí: ó ń ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí a bá ń lò ó. Ẹni tí kò bá lè san owó rẹ̀ tàbí rí i rà fún ju oṣù mélòó kan lọ, kó bá dókítà sọ ọ́ kó tó gún ti àkọ́kọ́. Bákan náà, ibì kan wà tí fífọn yóò ti dúró, nígbà púpọ̀ lẹ́yìn ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Oògùn kò kú nígbà náà. Òun ni kò jẹ́ kí kílò padà.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa ayédèrú semaglutide tí wọ́n ti rí ní Brazil, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ewu rẹ̀ ni pé nǹkan mìíràn bí insulin lè wà nínú rẹ̀, tó lè pa ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ. Páálí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ lọ́nà òdì, nọ́ńbà tí kò bá ti ara abẹ́rẹ́ mu, tàbí èyí tí kò tinú fíríìjì jáde kí ẹ tó gbà á, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Iṣẹ́ abẹ

Láti 1991 ni ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ti wà: BMI 40, tàbí 35 pẹ̀lú àìsàn. Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ìsanra ti Amẹ́ríkà àti ti àgbáyé sọ ọ́ di 35 yálà àìsàn wà tàbí kò sí, wọ́n sì ní kí a gbé e yẹ̀ wò láti 30 fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ irú kejì.

Méjì ló wọ́pọ̀, ihò kéékèèké ni wọ́n sì ń gbà ṣe méjèèjì. Nínú àkọ́kọ́, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 àpòlúkù dànù, ohun tó kù á rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Apá tí wọ́n gé ni ọ̀pọ̀ ghrelin ti ń wá, torí náà ebi fúnra rẹ̀ máa ń dín. Àléébù rẹ̀ ni pé omi kíkan inú àpòlúkù lè máa ru sí ọ̀nà ọ̀fun; ẹni tí àyà ti ń ta tẹ́lẹ̀, èkejì ló yẹ ẹ́. Nínú èkejì, wọ́n á ya àpò kékeré sọ́tọ̀ lórí àpòlúkù, nǹkan bí mílílítà 30, wọ́n á so ìfun mọ́ ọn tààrà, oúnjẹ á fo ìyókù àpòlúkù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun. Ìdá 25 sí 30 nínú 100 ìwọ̀n ara ni àwọn méjèèjì sábà máa ń mú lọ. Ìwádìí SOS ní Sweden, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987 tó sì tẹ̀ lé àwọn tó lé ní 4,000, fi hàn pé àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ kú kéré sí àwọn tí kò ṣe é.

Nínú ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n, ewu ikú rẹ̀ sún mọ́ ti yíyọ òróòro. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ibi tí wọ́n rán tó ń jò, ẹ̀jẹ̀ dídà, àti ẹ̀jẹ̀ dídì ní ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Àyà tó ń sáré ju 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kódà láìsí ibà, ó tó láti padà sílé ìwòsàn. Ibuprofen àti diclofenac di èèwọ̀ lẹ́yìn èyí tí wọ́n so ìfun, sìgá náà bẹ́ẹ̀, torí egbò máa ń hù níbi ìsopọ̀. Ohun dídùn tó bá ṣàn wọ ìfun lójijì lè mú òógùn, àyà jíjá àti ìgbẹ́ gbuuru wá láàárín ìdajì wákàtí. Ọtí á máa tètè pa ènìyàn. Oyún gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù 12 sí 18.

Fítámì di ti ojoojúmọ́ títí ayé: B12, irin, fítámì D, kálísíọ̀mù citrate 1,200 sí 1,500 mg tí a pín sí ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, kó má sì pàdé irin. Kálísíọ̀mù àti irin tí a bá gbé mì pọ̀ máa ń dí ara wọn lọ́nà. Ẹni tó bá sì ń bì léraléra ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, tí ìrìn rẹ̀ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń rí nǹkan ní méjì-méjì tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, ó lè jẹ́ pé thiamine (fítámì B1) ló ti tán lára rẹ̀. Kó má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò. Kó sọ fún àwọn tó bá gbà á wọlé pé òun ṣe iṣẹ́ abẹ àpòlúkù, kí wọ́n gún thiamine fún un kí wọ́n tó fa omi ṣúgà sí i lára.